Ìdí Tí Ara Ampilifáyà Fi Ń Gbóná

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ara Ampilifáyà máa ń tutù bí omi àmù. Onísùúrù ni. Bí ó bá gba ohùn kékeré, á sọ ọ́ di ńlá, á pín in fún sípíkà méjì, ọ̀tún àti òsì, kò sì ní kùn rárá.

Ṣùgbọ́n onísùúrù ni ìkà ènìyàn máa ń rí fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń ta tòkunbọ̀ lọ́jà tú inú rẹ̀. Ó yọ ẹ̀yà tí ń gbé ohùn òsì, ó fi í pamọ́ kí ó lè tà á lọ́tọ̀, ó sì ki òkúta sí ipò rẹ̀ kí àpótí má baà fúyẹ́. Ẹ wo olè!

"Bí o bá yanu pẹ́nrẹ́n," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, "ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni màá jù ẹ́ sí."

Ẹ̀rù ba Ampilifáyà, ó dákẹ́.

Ni Abọ́sẹ̀dé dé. Igbá ni ó ń fín tà, agbára rẹ̀ kò sì ká tuntun. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ohùn wọn kù sí: ti bàbá ní ọ̀tún, ti ìyá ní òsì. Ohùn méjèèjì ni ó fẹ́ gbọ́.

Bí ó ti máa ń yan igbá ni ó ṣe yan ẹ̀rọ. Ó fi ìka kàn án: kó, kó, kó.

"Ẹ gbé e wò, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ṣé ohun tí ò dáa ló máa wúwo báyìí?"

Abọ́sẹ̀dé sanwó, ó gbé e lọ.

Nígbà tí ó tan án nílé, ohùn bàbá rẹ̀ jáde lọ́tùn-ún, ó ń pe ìyá rẹ̀: "Àwẹ̀ró o! Ṣé o ti jí?" Òsì dákẹ́. Bàbá tún pè. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Ìyá mi dà?" Abọ́sẹ̀dé figbe ta. "Níbo lo gbé ìyá mi sí?"

Ampilifáyà fìbínú dáhùn: "Òkúta ló wà nínú mi! Ọ̀kẹ́rẹ́ fi mí purọ́, èmi ojo, mo dákẹ́. Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé igbá ni mí tí o fi ń kàn mí? Kí ló dé tí o ò ní kí n kọrin kí o tó sanwó?"

Abọ́sẹ̀dé mú kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ó gbé Ampilifáyà karí, ó kọrí sọ́jà, inú ń bí àwọn méjèèjì. Ampilifáyà gbóná débi pé òṣùká ń rú èéfín.

"Ọjà tí mo bá ti tà, mi ò gbà á padà mọ́," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. Ó nawọ́ láti ti Ampilifáyà sẹ́yìn.

"Yéè! Ọwọ́ mi o!"

Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Kíá ni Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré mú ẹ̀yà náà wá, ó yọ òkúta, ó dá a padà síbi tí ó ti jí i. Wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀rọ, wọ́n tan án níbẹ̀.

"Àwẹ̀ró o! Ṣé o ti jí?"

"Oò, olówó orí mi! Mo ti jí."

Abọ́sẹ̀dé bú sẹ́kún láàárín ọjà. Ṣùgbọ́n ìbínú Ampilifáyà ti wọra, kò jáde mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ara ampilifáyà ti ń gbóná, tí ó sì máa ń kùn kí ó tó kọrin. Láti ọjọ́ náà ni ọlọ́gbọ́n tí ó bá ń ra tòkunbọ̀ ti máa ń gbọ́ ọ̀tún, tí á sì gbọ́ òsì, kí ó tó tọwọ́ bàpò.