Òrí Tí Bàbá Láoyè Fi Rọ́pò Oògùn

"Èmi àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti parí," ni Bàbá Láoyè ń sọ kiri àdúgbò. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ tó máa ń wọ́ra fún ènìyàn ń fi òrí wọ́ ọ lára, oorun sì ń dùn mọ́ ọn, ni ọ̀gbẹ́ni bá da oògùn ọsibítù sí ṣáláńgá.

"Ẹ má fi mí ṣe dókítà o," ni Ìyá Àbẹ̀kẹ́ wí. "Ara líle ni mo ń dẹ̀. Ẹ máa lo oògùn yín."

"Ìwọ lo ò mọ agbára ọwọ́ rẹ," ni ọlọ́gbọ́n fèsì.

Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi gbé e ṣubú, tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọrọ. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹ òkèlè báyìí, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń bá a wẹ ọwọ́ náà.

"Bàbá Láoyè, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Òrí ò bá oògùn jà," ni Ìyá Àbẹ̀kẹ́ wí nígbà tó wá kí i.

Bàbá Láoyè na ọwọ́ òsì sínú abọ́ omi fún ìyàwó rẹ̀.