Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Lórí Fóònù

Ọkùnrin kan wà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Bí ènìyàn bá ti lè kí i dáadáa, inú rẹ̀ ti yọ́ sí olúwarẹ̀. Ọkùnrin yìí ní kọ̀ǹpútà kan. Inú rẹ̀ ló tọ́jú ohùn ìyá rẹ̀ sí, oríkì tí màmá fi ń jí àwọn ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, tó gbà sílẹ̀ kí màmá tó papò dà. Kò sí ibòmíràn tí ohùn yẹn wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀. “Ẹ káàsán, Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú ooru, ẹ kú ìsinmi, ṣé ara yín le?” Inú bàbá dùn. Ọmọ náà wá ní ọ́fíìsì tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ni òun ti ń pè, òun sì ń wo ti bàbá lọ́wọ́ báyìí, àrùn tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ yóò pa rẹ́ kó tó di alẹ́, àfi bí bàbá bá jẹ́ kí òun wọlé sí i láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní kí bàbá má pa fóònù, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àyà bàbá já. Ohùn ìyá rẹ̀ ló rò. Ọkàn rẹ̀ ní kó pa fóònù náà, ṣùgbọ́n ojú tì í. Báwo lèèyàn ṣe ń pa fóònù mọ́ ọmọ tó ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ létí? Ó mú kẹ́ẹ̀gì epo, ó ń lọ tan jẹnẹrétọ̀, nítorí iná ti lọ láti àná.

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. “Bàbá Mosún, kí lẹ fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ ṣe lọ́sàn-án gangan?”

“Kọ̀ǹpútà ni. Ọmọ yìí ní òun ń rí àrùn nínú rẹ̀ báyìí.”

“Kọ̀ǹpútà tó kú láti àná, tí ẹ tún fi aṣọ bò? Ibo ló ti ń rí i?”

Bàbá dúró. Ó bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan náà. Ni ọmọ tó mọ èèyàn kí bá bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ọn pé kó sáré tan kọ̀ǹpútà. Bàbá pa fóònù. Ó fi nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ pe ẹni tó máa ń bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe. Onítọ̀hún ní kò sí ọ́fíìsì tó ń jókòó wo kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà. Olè ni.

Nígbà tí iná dé, tọkọtaya jọ jókòó gbọ́ màmá. Omijé bọ́ lójú bàbá. “Ìyá Mosún, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọlọ́run ló fi ọ́ sẹ́yìnkùlé.”

“Ẹ̀wà ló fi mí síbẹ̀,” ni obìnrin náà wí.

Ẹ̀yin ará mi, àwọn àgbà ní ohùn rere ní ń yọ obì lápò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n olè náà ti gbọ́ òwe yẹn. Ilé yín ni kọ̀ǹpútà yín. Àlejò tí ẹ kò pè, ìta ni kó dọ̀bálẹ̀ sí. Pípa fóònù mọ́ ọn létí kì í ṣe àfojúdi, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ pe ẹni tí ẹ mọ̀. Bó bá sì ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ tètè ké sí ará ilé. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó máa ń bi yín ní ìbéèrè tó ń bí yín nínú. Òun ló ń bá yín ṣọ́ ilé.