Adìẹ Tí Ó Jẹ́rìí sí Ẹsẹ̀ Ọláníhún

Èmi kò mọ nǹkan kan nípa ìjàkadì, n kò sì mọ nǹkan kan nípa eegun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo wọ agbo ìjà rí, ewúrẹ́ ni mo lé débẹ̀. Nítorí náà, bí ìtàn yìí bá wọ́ níbì kan, ẹ má dá mi lẹ́bi. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ló ti dà á rú kí ó tó dé etí mi.

Ìlú méjì ló wà létí odò kan náà láyé àtijọ́, Àgbédè lápá ibí, Ìlódò lápá ọ̀hún. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti jẹ iṣu tuntun tán, àwọn ọkùnrin ìlú méjèèjì a pàdé ní pápá etí odò láti ja ìjàkadì. Ìlú tí ọmọ rẹ̀ bá borí ni yóò kọ́kọ́ da àwọ̀n sódò lọ́dún náà. Wọ́n ní torí ẹja ni. Irọ́ ni. Ẹja inú odò náà kò tó nǹkan tí ológbò méjì ń jà sí. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa fi yọ ara wọn lẹ́nu títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ní Àgbédè, Ọláníhún ni ọkùnrin. Kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń ba ènìyàn. Yóò jẹ́ kí o gbá òun mú, yóò jẹ́ kí o máa rò pé ọwọ́ rẹ ti tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà yóò fi ẹsẹ̀ náà kọ́ ọ nísàlẹ̀ orúnkún, ojú ọ̀run ni wàá bá ara rẹ tí o ń wò. Afẹ̀yìnẹnibalẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Oko rẹ̀ kì í sì í kún fún koríko, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kì í roko. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ló ń bá a ro ó lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbà kí àwọn ro ó. Irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n.

Lọ́dún kan, Kòkúmọ́ ni Ìlódò gbé jáde, ọkùnrin kan tó rí bí àká àgbàdo. Ọláníhún kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, Kòkúmọ́ sì ṣubú bó ti yẹ kí ó ṣubú, àfi pé orí ẹsẹ̀ tó gbé e ṣubú gan-an ló ṣubú lé. Àwọn tó wà lẹ́yìn agbo gbọ́ ìró eegun náà, wọ́n rò pé ẹnìkan ń ṣẹ́ igi ìdáná ni. Bí Àgbédè ṣe borí nìyẹn. Wọ́n fi ilẹ̀kùn gbé ẹni tó borí lọ sílé. Ẹni tí wọ́n dá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ, ó tilẹ̀ yà jẹ ẹ̀kọ lọ́nà.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ọdẹ́sànmí, bàbá tí ń to eegun. Ó tẹ ojúgun náà, Ọláníhún ké. Ó tún un tẹ̀, Ọláníhún tún ké. Bàbá náà mi orí, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti kú kì í jẹ́ kí ẹni tó ni ín ké." Lẹ́yìn náà ó béèrè adìẹ.

Àṣà àwọn tí ń to eegun ni. Ẹsẹ̀ tó bá ṣẹ́ lára ènìyàn ni wọn yóò ṣẹ́ lára adìẹ. Òògùn tí wọ́n bá fi pa tènìyàn ni wọn yóò fi pa tadìẹ, bí wọ́n bá sì ṣe fi igi pẹlẹbẹ di ọ̀kan ni wọn yóò ṣe di èkejì. Ọjọ́ tí adìẹ bá jinná, ènìyàn jinná. Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọláníhún, mú àgbébọ̀ funfun kan wá. Àgbébọ̀ náà kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì bá wọn dé etí odò, síbẹ̀ wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

"Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa," Ọdẹ́sànmí wí. "Ọjọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, kí ẹ pè mí. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Ọláníhún. Mo lè to eegun yìí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún ṣẹ́ lójú ibẹ̀ yẹn, ìdí ni wàá máa fi wọ́ kiri."

"Ṣé n óò tún jà, bàbá?"

"Adìẹ la óò bi."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún Ọláníhún. Òfin àwọn oníjàkadì Àgbédè ni pé ẹni tí kò bá wọ agbo lọ́dún kan yóò bọ́ bàǹtẹ́ ìjà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò sì ní rí i gbà padà mọ́ láéláé. Bí kò bá jà lọ́dún tó ń bọ̀, Afẹ̀yìnẹnibalẹ̀ ti kú nìyẹn, ó ku Ọláníhún, ta ló sì mọ Ọláníhún? Bó bá sì jà tí eegun náà tún ṣẹ́, àti Afẹ̀yìnẹnibalẹ̀ àti Ọláníhún, orí ẹní ni àwọn méjèèjì yóò ti máa wo ara wọn.

Ìlú wá gbàgbé ọkùnrin náà, wọ́n gbájú mọ́ adìẹ. Àlejò a wọlé, a dá aláìsàn kọjá lórí ẹní, a lọ lóṣòó sídìí agbọ̀n. "Adìẹ wa ńkọ́? Ṣé ó sùn?" Wọ́n ń gbé àgbàdo wá fún un, wọ́n ń gbé ikán wá. Àgbébọ̀ sanra, ọkọ Àwẹ̀ró ń rù. Lọ́jọ́ kan ó ní kí ìyàwó rẹ̀ bu díẹ̀ fún òun nínú àgbàdo náà, àwọn àgbààgbà tó jókòó níbẹ̀ wò ó bí ẹni tó fẹ́ jalè nílé ọba.

Nígbà tó yá, adìẹ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ó rìn, ó sáré, ó bá adìẹ ilé kejì jà, ó sì borí. Ọdẹ́sànmí tú igi ẹsẹ̀ adìẹ, ó tú ti ènìyàn, ó gbowó ọ̀yà rẹ̀, ìlú hó.

Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọláníhún ń rìn, ṣùgbọ́n bó bá di pé kí ó bá àwọn ọ̀dọ́ kọ́ra, àwọn tó jẹ́ pé lọ́dún tó kọjá wọn ò tó ẹni tó ń bá a gbé bàǹtẹ́, wọ́n ń gbé e ṣubú bí àpò òfìfo. Lówùúrọ̀, ẹsẹ̀ náà á dà bí ẹni pé kò ṣẹ́ rí. Lọ́sàn-án, á dà bí ẹsẹ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn, á ti múra láti fi kọ́ ènìyàn, ẹsẹ̀ náà á dúró gbagidi, bí ìránṣẹ́ tó gbọ́ iṣẹ́ tí kò jẹ́.

Ọ̀tún Àgbédè, ìjòyè tó ń ṣe olórí ìjàkadì, ránṣẹ́ pè é.

"Wọ́n ní o ń sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́."

"Ó ń dùn mí, bàbá."

"Adìẹ ń sáré kiri àgbàlá, ìwọ ń jẹ̀rora. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí a gbàgbọ́?"

"Èmi ni kí ẹ gbàgbọ́, bàbá. Èmi ni mo ni ẹsẹ̀."

"Ìwọ ní ohun tó lè mú ọ purọ́," Ọ̀tún dáhùn. "Adìẹ kò ní."

Ọláníhún dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ìlú pín. Àwọn kan ní ẹ̀rù ló ń bà á. Àwọn kan ní Ọdẹ́sànmí kọjú sí adìẹ nígbà tó ń ṣẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún tirẹ̀ ló sì ṣẹ́, kì í ṣe ọ̀tún adìẹ. Wọ́n jiyàn náà títí wọ́n fi mú adìẹ mìíràn wá, wọ́n gbé e kọjú síbí, wọ́n gbé e kọjú sọ́hùn-ún, wọn kò sì mọ ọ̀tún tiwọn mọ́. Àwọn kan ní Àwẹ̀ró ti pa adìẹ tòótọ́ jẹ, ó fi òmíràn dípò.

"Ẹni tó bá ní mo pa á jẹ, kó wá gbóòórùn ìkòkò mi," Àwẹ̀ró wí lẹ́nu ọ̀nà. "A ò jẹ ẹran nílé yìí láti ìgbà tí ọkọ mi ti dùbúlẹ̀. Adìẹ nìkan ló ń jẹun."

Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkọ mi, èmi nìkan ni mò ń bi yín. Ṣé ẹsẹ̀ ni, àbí àyà?"

Ọláníhún wo ojúgun rẹ̀. "N ò mọ̀," ó ní. "Bí mo bá ní kí n gbé e, n kì í mọ̀ bóyá òun ló kọ̀ àbí èmi. Ká ní mo mọ̀ ni, n bá ti jókòó sílé, tàbí kí n lọ."

"Tí ẹ bá wá lọ ńkọ́?"

"Bí n ò bá lọ, ta ni ìwọ ń gbé pẹ̀lú?"

Àwẹ̀ró dìde. Ó lọ nu bàǹtẹ́ náà.

Ọjọ́ ìjà pé. Ìlódò ti gbọ́ gbogbo ọ̀ràn náà, odò kì í dí ọ̀rọ̀ lọ́nà. Wọ́n ta okùn yí pápá ká kí èrò má baà ya wọ agbo. Ọdẹ́sànmí gbé àgbébọ̀ funfun náà sábẹ́ apá wá láti Àgbédè, kí àwọn ará Ìlódò lè fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ń gbé e kiri bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ.

Kòkúmọ́ tún ni Ìlódò gbé jáde. Òun àti Ọláníhún wọ agbo, wọ́n sì gbá ara wọn mú léjìká.

Kò sí ẹni tó fa ẹnìkejì.

"Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?" Kòkúmọ́ bi í wúyẹ́wúyẹ́ létí.

"N ò mọ̀. Dán an wò."

"Èmi kọ́. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń pe ìyá mi ní ìyá aṣẹ́nilẹ́sẹ̀. Ó wà níwájú níbẹ̀ yẹn, ó ń wò mí."

"Jẹ́ kí n dá ọ nígbà náà."

"Kí arọ dá mi? Níbo ni n óò gbà wọ̀lú?"

"Èmi kì í ṣe arọ."

"Ó dáa. Dá mi."

Ọláníhún múra láti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ náà gbéra díẹ̀, ó tún padà sílẹ̀. Kòkúmọ́ rò pé ó ti dé, ó fà sẹ́yìn. Bó ti fà sẹ́yìn, ó rántí pé òun lè já ọkùnrin náà lulẹ̀, ó sáré tún dì í mú kí ó má baà ṣubú. Báyìí ni wọ́n ń ṣe, wọ́n lọ síbí, wọ́n lọ sọ́hùn-ún, òógùn bò wọ́n. Àwọn ará Àgbédè ń pariwo pé ó ti fẹ́ dá a. Àwọn ará Ìlódò náà ń pariwo pé ó ti fẹ́ dá a. Ẹnikẹ́ni kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń sọ.

Ariwo náà ló lé adìẹ sókè. Ó já mọ́ Ọdẹ́sànmí lọ́wọ́, ó fò, ó sì bà sórí okùn tí wọ́n ta yí agbo ká.

Gbogbo ojú kúrò lára àwọn oníjàkadì. Adìẹ ni ẹlẹ́rìí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i lórí okùn yìí ni yóò parí ẹjọ́ ọdún kan. Adìẹ fi èékánná di okùn mú. Okùn fì lọ síwájú, adìẹ na ìrù sẹ́yìn. Okùn fì sẹ́yìn, adìẹ na ọrùn síwájú, ó la ìyẹ́. Òpó tí wọ́n so okùn mọ́ ń dún kíkẹ́kíkẹ́.

"Ó dúró," Ọdẹ́sànmí wí. "Ẹ rí i pé ó dúró."

"Ó ń gbọ̀n," ará Ìlódò kan fèsì. "Ẹsẹ̀ náà kò tíì jinná."

"Okùn ló ń gbọ̀n."

"Ta ló ń gbọ̀n okùn?"

Ọ̀tún Àgbédè sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ adìẹ, ó wo okùn, ó dìde, ó padà sẹ́yìn. Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọgbọ́n máa tán nínú rẹ̀ lójú èrò.

Ìyá Kòkúmọ́, arúgbó tó jókòó sórí òkúta níwájú, ló bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀pá nàka sí adìẹ, ó tún fi nàka sí agbo, níbi tí àwọn ọkùnrin méjì ṣì ti di ara wọn mú, tí wọ́n ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí lẹ tún fẹ́ kí adìẹ sọ?" ó ní. "Ẹ wo okùn, ara ò rọ̀ ọ́. Ẹ wo adìẹ, ara ò rọ òun náà. Ẹ lọ bá mi tú ọmọ mi sílẹ̀ lára ọmọ ọlọ́mọ."

Wọ́n lọ tú wọn. Ó gba ọkùnrin mẹ́rin, torí pé olúkúlùkù ń bẹ̀rù pé bí òun bá kọ́kọ́ jọ̀wọ́, ẹnìkejì yóò ṣubú. Lọ́dún náà, ìlú méjèèjì da àwọ̀n sódò pọ̀, wọn kò sì rí ẹja tí ó tó ìjà. Ọláníhún wọ agbo, nítorí náà bàǹtẹ́ náà ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì dá a.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà, bí wọ́n bá rí ẹni méjì tí ọ̀ràn kan so pọ̀ tí kò rọ ẹnì kankan nínú wọn lọ́rùn, ti ń pa á lówe pé: adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà, ṣé ó ti jinná ni?