Ihò Tí Òkété Lu sí Ilé Abiyamọ

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra, ẹ rọra máa fẹ́ ẹ, kí ẹ lè gbọ́ mi. Àlọ́ mi já lu ògiri, ó já lu Òkété, ó wá já lu Ọ̀kẹ́rẹ́ abiyamọ.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá nílùú àwọn ẹranko. Oòrùn mú débi pé aláǹgbá gan-an ń wá ibòji. Ni wọ́n bá pawọ́ pọ̀, wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù kan, wọ́n gbé e sí ilé tí àwọn abiyamọ ń gbé. Oòrùn náà ló ń fún un lágbára. Bí agbára ọjọ́ kan bá tán, ó di ọjọ́ kejì.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bímọ síbẹ̀. Àbẹ̀ní ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá, ara rẹ̀ sì ti sú wóró-wóró nítorí ooru. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í sùn. Ìgbàkígbà ló ń gbé etí lé àyà ọmọ, bóyá ó ń mí.

Òkété ló ń gbé ẹ̀yìn ògiri wọn. Ẹ kúkú mọ Òkété, ẹ mọ eyín rẹ̀. Ó ní: "Amúlétutù lorúkọ ẹ̀rọ. Wọn ò pè é ní amú-ilé-abiyamọ-tutù. Àbí ilé tèmi kì í ṣe ilé ni?" Ló bá lu ògiri, kùrù kùrù kùrù, lẹ́yìn agbọ̀n aṣọ, lọ́ọ̀kánkán ẹnu ẹ̀rọ. Òtútù bá ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó nà gbalaja, ó ń sun ẹ̀kùrọ́ jẹ, ó ń sanra.

Ilé abiyamọ wá ń gbóná. Àbẹ̀ní ń ké. Òkété yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Ẹ ò mọ̀ ọ́n lò ni! Ìwọ̀n òtútù mẹ́rìnlélógún lẹ fi sí? Ẹ fà á wálẹ̀ sí mẹ́rìndínlógún, wàrà-wàrà ni yóò tutù."

Wọ́n fà á wálẹ̀. Irọ́ ni! Ẹ̀rọ ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, kò sinmi, ilé kò tutù, agbára sì ń tán lọ. Àbẹ̀ní kò ké mọ́. Ó kàn ń yanu ni.

Etu, àgbà inú wọn, ní: "Ká tún fà á wálẹ̀ sí i."

"Rárá, Ìyá," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Bí agbè bá ń jò, ṣé omi la ó máa dà sí i? Ẹ jẹ́ ká wá ibi tó ń jò."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi aṣọ bo fèrèsé. Ó fọ eruku ara asẹ́ ẹ̀rọ. Ó wá ń fọwọ́ tọ ògiri. Nígbà tó sún agbọ̀n aṣọ, afẹ́fẹ́ fa irun ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ gbóòórùn wò. Ta ló ń sun ẹ̀kùrọ́ nínú ògiri?"

Òkété gbọ́. Kí wọ́n má baà rí ihò, ó fi ìdí dí i. Gbàgà! Ó há. Ìrù yọ sínú ilé, ó dojú kọ ẹnu ẹ̀rọ.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ tì mí jáde!"

Etu nawọ́ láti tì í. Ọ̀kẹ́rẹ́ di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ má tì í, Ìyá. Ẹ ò rí i pé ilé ti ń tutù?"

Ó dá ẹ̀rọ padà sí mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀, ó sinmi. Àbẹ̀ní sín, ó mú ọmú, ó sùn.

"Ìyá Àbẹ̀ní, ṣàánú mi! Òtútù ń pa ìrù mi!"

"Ẹ rọra pariwo, Bàbá Òkété. Ọmọ ń sùn."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dí ihò náà. Ìgbà tí ebi mú un rù ló tó yọ, ìdajì ìrù rẹ̀ sì ti funfun báláú. Ẹni tó bá pa òkété lóko lọ́la, kó wo ìrù rẹ̀ dáadáa.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ká tó ní kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ àṣekára, ká kọ́kọ́ wá ihò dí. Ẹni tó bá sì jí òtútù ọmọ ọlọ́mọ, ara rẹ̀ la ó fi dí i.