Ohun tí Gbàdàmọ́sí Ń Tijú Rẹ̀

Ní ìlú Òkè-Ìrókò, bí ọmọ kan bá ń sá fún ìyá rẹ̀ lójú ẹgbẹ́ nítorí pé aṣọ ìyá ti gbó, àgbà kan á rẹ́rìn-ín, á ní, “Rọra o. Ohun tí Gbàdàmọ́sí ń tijú rẹ̀ ni kò jẹ́ kójú tì í.” Àlejò á wá máa ranjú. Kí ni Gbàdàmọ́sí ń tijú rẹ̀? Àwọn kan ní ìyàwó rẹ̀ àgbà ni. Irọ́ ni. Obìnrin yẹn gan-an ló yẹ kó máa tijú ọkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Àlájì Gbàdàmọ́sí ló ni sọ́míìlì tó tóbi jù ní ìlú náà. Igi ló fi là, kì í ṣe ìwé. Ó ti bímọ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń di kálàmù mú, nígbà tó sì lọ ṣí àpò owó ní báǹkì, ìlà wíwọ́ kan báyìí ló fi buwọ́ lùwé, tó tẹ̀ bí ìwọ̀ tí ẹja ńlá ti fà. Báǹkì gbà á, wọ́n fi í pamọ́, òun ni wọ́n sì fi ń yẹ gbogbo sọ̀wédowó rẹ̀ wò.

Nígbà tó yá, owó dé. Ọkùnrin yìí lọ sí Mẹ́kà, ó bọ̀, ó sì wòye pé ìwọ̀ ẹja kò yẹ Àlájì. Ó jókòó ti ara rẹ̀, ó kọ́ ìbuwọ́lùwé mìíràn. Ó ká a bí ìkarahun ìgbín, ó fún un ní ìrù gbọọrọ, ó wá to àmì sábẹ́ rẹ̀. Ká má purọ́, ó dùn ún wò. Ó ń kọ ọ́ han àlejò, ó ń kọ ọ́ sára pákó tí wọ́n fẹ́ tà. Ó máa ń ní, “Kò sọ́mọ tóbìnrin bí tó lè kọ irú ẹ̀.” Kó má baà ku ẹnì kan tí kò rí i, ó tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà tó pín kárí ìlú, gàdàgbà lábẹ́ fọ́tò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n báǹkì kò mọ ìgbín, ìwọ̀ ẹja ni wọ́n mọ̀. Wọ́n dá sọ̀wédowó rẹ̀ padà, wọ́n tún dá a padà. Wọ́n ní kó wá kọ ti àtijọ́ lójú àwọn kí wọ́n lè fi ti tuntun pààrọ̀ rẹ̀, ó ní ṣé kí gbogbo ènìyàn wá pé jọ wo ìwọ̀ ẹja òun ni? Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ buwọ́ lu sọ̀wédowó, á tilẹ̀kùn mọ́ra, á fi apá agbádá bò ó, á kọ ìwọ̀ ẹja rẹ̀ wéré, á sì lẹ àpò ìwé pa kó tó fún Mùfútáù akọ̀wé rẹ̀ pé kó gbé e lọ sí báǹkì. Mùfútáù ò rí i rí. Àwọn ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò rí i rí.

Ó wá di ọdún kan, ẹgbẹ́ onípákó dáwó láti ra ẹ̀rọ ìlagi tuntun, torí èyí tó wà nílẹ̀ ti gé ìka ènìyàn. Wọ́n fi owó náà sí àpò Àlájì.

“Bí kọ́bọ̀ bá dín níbẹ̀,” ó sọ fún wọn, “kẹ́ ẹ má pè mí ní Àlájì mọ́.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màdáámù Fáladé, ọ̀gá báǹkì, pè é lórí fóònù. “Àlájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọjú sí wa. Ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé yín náà ni.”

Àlájì fìbínú wọ agbádá. Nígbà tó dé ibẹ̀, Mùfútáù ló rí lórí bẹ́ǹṣì, kò sì fura, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá. Màdáámù gbé sọ̀wédowó kan sórí tábìlì.

“Àlájì, ẹ tún ti kọ ti ìgbín.”

Àlájì wo ìgbín náà, inú rẹ̀ yọ́. Kò wo nǹkan mìíràn. “Ẹ wo bó ṣe ká. Ẹ sọ òótọ́, ṣé kò dáa?”

“Ó dáa, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?”

“Ta ló tún lè kọ ọ́?”

“Ẹ wá bá mi kọ èyí tí a mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ká lè sanwó fún akọ̀wé yín.”

Àlájì bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé Mùfútáù ń wò. Ó da apá agbádá bo ìwé náà, ó sì ki orí bọ abẹ́ rẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má baà rí ìwọ̀ ẹja. Abẹ́ agbádá níbẹ̀ ló ti rí iye tí wọ́n kọ. Owó ẹ̀rọ ni, gbogbo rẹ̀ pátá. Bó bá ní òun kọ́, ó ti jẹ́wọ́ pé ọmọ tóbìnrin bí lè kọ ọ́ nìyẹn. Bó bá ní òun ni, owó ẹgbẹ́ lọ, orúkọ rẹ̀ bá a lọ. Ẹ má rò pé ó yára yàn o. Ó pẹ́ lábẹ́ agbádá.

Nígbà tó gbórí sókè, ó ní, “Èmi kọ́.”

“Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kò sẹ́ni tó lè kọ ọ́, sà.”

Àlájì ní, “Wọ́n lè kọ ọ́. Ó wà lára ògiri gbogbo ìlú.”

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, Mùfútáù ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Òun ló já ewé kan lẹ́yìn ìwé sọ̀wédowó ọ̀gá rẹ̀, tó gbé kàlẹ́ńdà síwájú, tó sì fara balẹ̀ kọ́ ìgbín náà títí ó fi mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ni ín lọ.

“Àlájì, ẹ dákun,” ó ní. “N ò mọ̀ pé òmíràn wà. Ẹ ò fi hàn mí rí.”

Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú Àlájì dé ìpàdé ẹgbẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kó kọ èyí tó gba owó àwọn là kí àwọn náà rí i. Ẹnu ń yún Àlájì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ní ohun tó tó fi yangàn nítòótọ́. Ṣùgbọ́n Màdáámù Fáladé ti kìlọ̀ fún un pé ọjọ́ tí ojú ẹlòmíràn bá rí ìwọ̀ ẹja náà, kò ní lè ṣọ́ owó mọ́. Ó rọra ti ọwọ́ bọ àpò.

“Kò dáa ní wíwò,” ó ní.

Ẹ̀rọ tuntun náà ń ké ní Òkè-Ìrókò títí dòní. Ní ti ìwọ̀ ẹja, ẹ má bi mí, èmi náà ò rí i rí. Ohun tí mo mọ̀ ni èyí tí àgbà ẹgbẹ́ fi tú ìpàdé ká lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń nu ojú: ohun tí Gbàdàmọ́sí ń tijú rẹ̀ ni kò jẹ́ kójú tì í.