Àwẹ̀ró Agbẹ́lẹ̀fódò

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, díẹ̀ ló kù kí odò Àbùwẹ̀ jẹ ìlú Ìdó tán. Kì í ṣe pé ó kún bo ìlú mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan o. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti le, bèbè odò á ya lulẹ̀, ilé méjì tàbí mẹ́ta á sì bá a lọ. Inú ilé la sì ń sin òkú sí nígbà náà. Ilé tó bá ti wó, bàbá onílé ti bá odò lọ nìyẹn. Ìlú mìíràn ì bá ti ṣí kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ tí yóò fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹja?

Àwọn àgbà Ìdó, kí ọ̀run tù wọ́n lára, olóríkunkun ni wọ́n, mo sì fẹ́ràn wọn bẹ́ẹ̀. Odò yìí yà kúrò lọ́nà níwájú ìlú, ó yí ahọ́n ilẹ̀ kan po, ó tún padà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara rẹ̀. Ìdó wà ní bèbè òde, níbi tí omi ti ń jẹ ilẹ̀. Ní bèbè inú, lódìkejì, iyanrìn ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, àwọn ènìyàn wa ń wa ọkọ̀ lọ gbin ilá àti bàrà síbẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ilẹ̀ Ọ̀fẹ́. Ọ̀jẹ̀dìran, olórí àwọn àgbẹ̀, tilẹ̀ kọ́ wọn láti máa gún èèkàn sínú omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí iyanrìn lè so mọ́ ọn, kí oko sì fẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni wọ́n pè é. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń ti odò lu ilé ara wọn.

Obìnrin kan ló mọ̀. Àwẹ̀ró amọ̀kòkò ni, ọmọ a-mọ-kòkò-tí-kì-í-sán, opó Ọdẹ́gbàmí, dúdú bí kóró iṣin, a-rìn-gbẹ̀rẹ̀-má-ṣìnà. Ilé rẹ̀ ló kàn tí odò máa gbé, inú iyàrá rẹ̀ la sì sin ọkọ rẹ̀ sí. Nígbà tí ilẹ̀ là sí ẹ̀yìn iyàrá náà, ó dìde lọ bá Baálẹ̀ Olúgbòdi níwájú gbogbo ìlú.

Ó ní, “Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Amọ̀ tí mò ń wá kiri ti jẹ́ kí n rin odò yìí lókè, kí n rìn ín nísàlẹ̀. Lókè, níbi tí àpáta ti há a mọ́, tààrà ló ń lọ. Nísàlẹ̀, níbi tí iyanrìn ti pọ̀ ju ohun tó lè rù lọ, ó pín sí ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n ń ya, wọ́n ń pàdé, bí irun tí a di. Níhìn-ín tí ilẹ̀ ti rọ̀, ó ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀. Níbi tó bá ti ń yí, bèbè òde ló ń jẹ, bèbè inú ló ń kó iyanrìn sí. Ẹ̀yin wá ń fi èèkàn ràn án lọ́wọ́!”

Ọ̀jẹ̀dìran bú sẹ́rìn-ín. “Ìyàwó Ọdẹ́gbàmí, ṣé o fẹ́ mọ odò bí ẹní mọ ìṣasùn ni?”

Gbogbo agbo rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín yín dáadáa. Bí ilé tèmi bá lọ, tiyín ló kàn.”

Baálẹ̀ béèrè ohun tí wọn yóò ṣe.

“Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ọrùn ahọ́n ilẹ̀ náà já, níbi tí odò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara rẹ̀. Kò ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ. Omi fẹ́ràn ọ̀nà tó yá.”

Baálẹ̀ ní, “Àwẹ̀ró, ibẹ̀ ni kòtò amọ̀ ìyá rẹ wà. Kò sí amọ̀ rere mìíràn nítòsí wa. Kí ni wàá máa fi ṣiṣẹ́?”

“Mo mọ̀, Baálẹ̀. Bí ìkòkò bá fọ́, a ó ra òmíràn. Ọdẹ́gbàmí kan ṣoṣo ni mo ní.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun nìkan ló gbé ọkọ́ lọ. Inú kòtò ìyá rẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gbẹ́, ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Ọ̀jẹ̀dìran dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ní, “Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù ló yẹ kó gbẹ́ jù.” Lẹ́yìn wọn ni gbogbo ìlú. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí.

Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, omi dé ẹnu yàrà tí wọ́n gbẹ́ náà, ó ń yí po bí ẹni tí kò mọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló já wọ inú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti gbá kòtò amọ̀ náà lọ, ó ti fẹ̀ ẹ́ di odò. Ìyípo àtijọ́ dákẹ́ síwájú ìlú, ó di adágún, òṣíbàtà bò ó, a sì ń pè é ní Adágún Àwẹ̀ró títí di òní. Bèbè Ìdó kò ya mọ́. Láti ọjọ́ náà, èèwọ̀ ni kí ọmọ Ìdó gún èèkàn sínú iyanrìn odò. Nígbà tí Àwẹ̀ró sì kú, ẹ̀gbẹ́ Ọdẹ́gbàmí la sin ín sí, nínú iyàrá kan náà.

Kò tún sí amọ̀kòkò ní Ìdó. Bí a bá lọ sọ́jà àwọn ará Òkèta, wọ́n á máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Ẹ wo ọmọ amọ̀kòkò tí ń ra ìkòkò!” A máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, a ó dá wọn lóhùn pé, “Amọ̀ tiwa la fi ra àwọn bàbá wa padà.”