Omi Ní í Fi Ọkà Hàn

"Gbogbo hóró ló jọra nínú àwo, omi ní í fi ọkà hàn." Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu wa, àmọ́ mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn ló bá a lọ?

Ní ìlú Agbélé-Odò, ọkà fífọ́ ni àwọn ìyàwó ọdẹ máa ń dì fún ọkọ wọn. Wọn á bọ ọkà bàbà títí yóò fi jinná, wọn á sá a gbẹ, wọn á wá fọ́ ọ lórí ọlọ. Ẹni tó wà nínú igbó kò nílò iná. Kó ṣáà ti bu omi tútù sí i, kó ní sùúrù díẹ̀, ó di jíjẹ.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́yalé, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọdẹ lọ ṣọ́ ẹnu ààlà nítorí àwọn tó ń jí èèyàn kó. Kò lè jókòó ti ìkòkò. Ó kó ọkà rẹ̀ fún Ìbídùn, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà, pé kó bá òun ṣe é.

"Ṣé èmi náà lò ń bẹ̀?" Ìbídùn rẹ́rìn-ín. "Ọkọ rẹ, ọkọ mi ni."

Ọ̀lẹ ni Ìbídùn, olójúkòkòrò sì tún ni. Ó da ọkà náà sínú àká tirẹ̀. Ó bu ìyẹ̀fun tó ti wà nílẹ̀, ó wọ́n omi sí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí i ní hóró hóró bíi kúsúkúsù àwọn ará Òkè Ọya, ó sì sá a. Àwọn yẹn a máa fi ooru omi sè é kó tó di oúnjẹ. Ìbídùn ò tilẹ̀ débẹ̀. Nígbà tó gbẹ, kò sẹ́ni tó lè fi ojú yà á sọ́tọ̀. Àwẹ̀ró pàápàá bu díẹ̀ sọ́wọ́ wò, ó sì dúpẹ́.

Nínú igbó, Ọdẹ́yalé bu omi sí ìwọ̀n tí òun àti àwọn ọdẹ tí wọ́n jọ ń jẹun máa jẹ. Gbogbo rẹ̀ tú, ó di omi ìyẹ̀fun tútù. Ebi pa wọ́n títí wọ́n fi dá iná kékeré láti sè é. Èéfín ló júwe wọn fún àwọn ajínigbé tí wọ́n ń ṣọ́. Ọdẹ́yalé ò padà wálé.

Ọ̀kan nínú wọn tó yè bọ́ gbé àpò Ọdẹ́yalé wá, pẹ̀lú ìyókù ọkà inú rẹ̀, ó sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwẹ̀ró bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi lójú Ìbídùn. Àwọn méjèèjì ń wò ó títí ó fi yọ́ tán.

"Wọ́n ṣáà jọra, Àwẹ̀ró," Ìbídùn wí, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Wọ́n jọra. Ìwọ náà jọ ọ̀rẹ́."

Ó pọn ọmọ tí kò ní mọ bàbá rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò yọjú sí Ìbídùn mọ́ títí òun fúnra rẹ̀ fi kú.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé gbogbo hóró ló jọra nínú àwo, omi ní í fi ọkà hàn, nígbà tí ìṣòro bá dé tí ẹni tí a fẹ̀yìn tì bá yọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Wọn kì í fi í ṣe ìkìlọ̀, nítorí ìgbà tí wọ́n bá máa pa òwe náà, omi ti kan ọkà.